Ó-Kù-Díẹ̀ àti Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Rẹ̀

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ aṣọ lílọ ló fi ń jẹun. Ilé iṣẹ́ alágbàfọ̀ kan wà ní ìkángun òpópónà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, ibẹ̀ ló ti ń dúró nídìí tábìlì ìlọṣọ kan náà láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Bó bá mú ṣẹ́ẹ̀tì, kọ́là ló kọ́kọ́ ń lọ, ó kan èjìká, ó kan apá méjèèjì, kó tó wá kan ẹ̀yìn àti iwájú. Kì í fi ṣẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ láìparí kó lọ mú òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, kó da aṣọ tí kò tíì lọ pọ̀ mọ́ èyí tó ti lọ. Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára.

Orí wá lọ so ó pọ̀ mọ́ ọkùnrin tí kì í parí nǹkan.

Ká má purọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀, èèyàn dáadáa ni. Mítà omi ló ń kà láti ilé dé ilé, kò sì sí ajá kan ní gbogbo ojúlé tó ń lọ tó tún ń gbó o mọ́. Kì í mutí, kì í jà. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn wà ní kékeré tí ibà bá mú un, òun ló ń gbé e pọ̀n kiri ilé tí yóò máa kọrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo, inú fóònù ló wà. Àwọn èèyàn kan wà níbẹ̀ tó máa ń wò, tí wọ́n ń fi àgékù pákó ṣe àga, tí wọ́n ń sọ àkàbà ògbólógbòó di ibi ìkówèésí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta nǹkan ti parí, wọ́n á gbọn eruku ọwọ́ wọn dànù, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wo èyí," ni ọkọ yóò wí, yóò na fóònù sí ìyàwó rẹ̀ lójú níbi tó ti ń ro ọbẹ̀. "A lè ṣe irú èyí."

"A" tó wí yẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀.

Pẹpẹ kíṣìnì tó yẹ kó ní pákó mẹ́ta, méjì ló ní, ẹ̀kẹta wà lábẹ́ àga. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé lókè, ó funfun láàárín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ronú. Àga kan wà lẹ́yìnkùlé tí ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, fi gègé kọ ọ́ sí lára pé, "Ẹ má jókòó o." Bí èèyàn bá sì bi bàálé ilé pé ìgbà wo ni nǹkan wọ̀nyí yóò parí, ìdáhùn kan náà ló ní, tẹ̀ríntẹ̀rín ni yóò sì fi fọ̀ ọ́:

"Ó kù díẹ̀."

Alágbàfọ̀ ní ojúewé kan lórí ayélujára. Ó ti ṣí i tipẹ́, kó lè máa sọ fáwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè yọ àbààwọ́n epo kúrò lára aṣọ funfun àti bí wọn ò ṣe ní jó sílíìkì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ àti ẹbí ló ń wò ó, wọn ò ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó ṣí kíṣìnì, ìkòkò tó gbé ka ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ti jábọ́, ọbẹ̀ ti dà sílẹ̀ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́. Kàkà kó pariwo, ó ya pẹpẹ náà ní fọ́tò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀gbẹ́ni Ó-Kù-Díẹ̀ ní ó kù díẹ̀. Oṣù kẹjọ rèé." Ó fi ránṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń nu ọbẹ̀.

Kó tó nù ún tán, èèyàn ogójì ti rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ya ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó ya àga ẹ má jókòó. Ó ya ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ níbi tó ti dojú kọ ògiri pẹ̀lú tépù lọ́wọ́, bí ẹni tí ògiri ń bá wí. Kò fi ojú rẹ̀ hàn rí, ó sì ń fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú. Àwọn obìnrin láti ibi tí kò mọ̀ ń kọ̀wé sí i pé, "Àbúrò ọkọ mi nìyẹn!" "Ìyá, ṣé ìyàwó kan náà ni wá ni?" Ọgọ́rùn-ún di ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún kan di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, nítorí ibi tí wọ́n ti ń kan pákó nìkan ni òun ń lọ lórí fóònù tirẹ̀. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ ni ìyá ọkọ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá bá wọn gbé. Orúnkún rẹ̀ ti le, kò lè máa gun àtẹ̀gùn ilé tó ń gbé mọ́. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan ni wọ́n ní. Yàrá kan jẹ́ ti tọkọtaya, èkejì jẹ́ ti ọmọbìnrin wọn, òun náà há débi pé bí ọmọ bá fẹ́ yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní láti kọ́kọ́ pinnu.

"Ẹ jẹ́ ká ra bẹ́ẹ̀dì kékeré kan, ká gbé e sí pálọ̀," ni ìyàwó wí.

Ọkọ mi orí. Ojú rẹ̀ ti ń tàn, ojú náà sì ba ìyàwó rẹ̀ lẹ́rù. "Wo èyí," ló wí.

Bẹ́ẹ̀dì kan ni, tí wọ́n ń gbé dìde lówùúrọ̀ tí yóò lẹ̀ mọ́ ògiri bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Lójú ọ̀sán, èèyàn kò ní mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ń bẹ níbẹ̀. Lálẹ́, wọ́n á fà á wálẹ̀, ìyá á sùn.

"Dádì, mo bẹ̀ yín ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù tí màmá máa dé," ni ìyàwó wí.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa fi ṣe é."

Wọ́n ń wó ilé àtijọ́ kan lọ́nà ibi tó ti ń ka mítà, ibẹ̀ ló ti lọ ru pákó wá. Pákó gidi ni, pákó ayé àtijọ́, tó wúwo bí òkú màlúù. Ó tò wọ́n sí pálọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò jókòó ní pálọ̀ mọ́. Wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ kọjá ni. Ìyẹ̀fun pákó wọ inú tíì, ó wọ inú ìrẹsì, ó wọ inú aṣọ funfun tí Alágbàfọ̀ fi ń lọ síbi iṣẹ́, tí ọ̀gá rẹ̀ fi bi í bóyá ó ti gba iṣẹ́ mìíràn. Ó ti fi ojúgun gbá pákó níbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò ké mọ́, ó kàn dúró, ó di ojú. Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Férémù bẹ́ẹ̀dì ti dìde, ó fi ìbú ọwọ́ kan tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé ọkọ wọn ògiri nígbà tí àga ṣì wà níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Alágbàfọ̀ ń fi àkísà nu eruku lára àwọn pákó náà, bí ẹni ń nu ojú ọ̀tá, ló bá rí nǹkan. Pákó kan, tó ti jẹ́ férémù ilẹ̀kùn rí, ní àwọn ìlà kéékèèké tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà sí i lára, ọ̀kan lé orí èkejì. Ọjọ́ àti oṣù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Gíga àwọn ọmọ ni wọ́n ń wọ̀n. Ọmọ méjì ni; ìlà ọ̀kan pupa, ìlà èkejì dúdú. Níbi tí ìlà dúdú ti kọjá ìlà pupa fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ kan ti fi lẹ́tà rádaràda kọ ọ́ pé, "Mo ti ga jù ẹ́ lọ. Máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n."

Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dà bíi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ya á ní fọ́tò, ó sì gbé e sí ojúewé rẹ̀: "Inú pákó Ó-Kù-Díẹ̀ ni mo ti rí i. Ta ló ni àwọn ọmọ yìí?"

Àwọn èèyàn pín fọ́tò náà kiri ju gbogbo ohun tó ti gbé síbẹ̀ rí lọ. Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin kan kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní ilé bàbá òun ni wọ́n wó. Òun ni ìlà pupa. Àbúrò òun ọkùnrin ni ìlà dúdú, àbúrò náà ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ti kú. Ó ní òun dé ibi tí wọ́n ti ń wó ilé náà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lòun bá. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa," ló kọ, "ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé." Alágbàfọ̀ júwe ilé fún un.

Ibí yìí ni Alágbàfọ̀ ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀. Ó yẹ kó pe ọkọ rẹ̀ jókòó kó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá ní obìnrin kan fẹ́ gba pákó, ọkọ rẹ̀ yóò bi í pé báwo ni obìnrin náà ṣe gbọ́. Bó bá ní ojúewé òun ni, yóò ní òun fẹ́ rí i. Nítorí náà, ó gbé pákó náà ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì nahùn sí ọkọ rẹ̀ pé:

"Ẹ má fọwọ́ kan pákó tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ yìí o!"

"Mo ti gbọ́," ni ọkọ dáhùn láti pálọ̀. Ohun tí wọ́n ń fi gbọ́ fóònù wà ní etí rẹ̀ méjèèjì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ìtìjú ti ń mú un díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìyá rẹ̀ dé, ó sì fẹ́ fi iṣẹ́ ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Láti àárọ̀ ló ti ń rẹ́ pákó. Nígbà tí Alágbàfọ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá bẹ́ẹ̀dì náà tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ìyẹ̀fun pákó wà nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

"Wo ẹsẹ̀ rẹ̀," ló wí. "Wò ó bó ṣe le. Ó kù díẹ̀ gan-an báyìí."

Alágbàfọ̀ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí pákó níbẹ̀.

"Dádì. Pákó tó wà níbí yìí ńkọ́?"

"Òun ló dára jù nínú gbogbo wọn, kò sí ibi tí ikán ti jẹ ẹ́. Mo rẹ́ ẹ sí méjì. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì nìyẹn."

Igbe tí ìyàwó ké mú kí ọmọbìnrin wọn sáré jáde láti yàrá pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Alágbàfọ̀ wólẹ̀ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ wá àwọn ìlà náà. Ẹsẹ̀ kan, ọkọ ti fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi ń dán, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ kejì, ó ti họ ojú mẹ́ta, ó ku ojú kan tó kọ sí ògiri. Ìlà mélòó kan ṣì wà níbẹ̀, àti ìdajì ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn: "Mo ti ga jù."

"Mo sọ fún yín! Mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Ìgbà wo?"

"Ẹ ní ẹ ti gbọ́!"

"Pákó lásán ni mo pè é," ni ọkọ wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Kí ló wà lára rẹ̀?"

Ó sọ fún un pé obìnrin kan ló ni ín, pé ó ń bọ̀ lọ́la. Báwo ni obìnrin náà ṣe mọ̀? Ó ní òun gbé fọ́tò rẹ̀ sórí ayélujára. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ dijú, ó mú ohun tí wọ́n fi ń tú ìṣó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́wàá, obìnrin náà dé. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó wọ aṣọ bíi ti ẹni tó ń lọ kí ẹni pàtàkì kan. Ó gbé aṣọ ìbora kan dání tó fẹ́ fi di pákó náà. Bó ti wọlé tó rí ọkọ ilé tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú tépù tó ṣì fi há ìgbànú, ojú rẹ̀ tàn.

"Háà! Ẹ̀yin rèé! Ọ̀gbẹ́ni Ó-Kù-Díẹ̀ fúnra yín! Ẹ ò mọ̀ bí ẹ ṣe ń pa wá lẹ́rìn-ín tó nílé wa. Ọkọ mi ní tí mo bá dé ibí, kí n bá òun wo ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yẹn, bóyá wọ́n ti kùn ún tán."

Kò ní ibi kankan lọ́kàn. Bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tó fẹ́ràn ló ṣe kí i.

Ọkọ wo ìyàwó. Ìyàwó wo ilẹ̀. Ojú tí ọkùnrin náà fi wò ó kò pẹ́ rárá, ó yíjú sí àlejò, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí," ló wí. "Èmi ni mo rẹ́ pákó yín. N kò wo ara rẹ̀ dáadáa kí n tó fi ayùn sí i. Ẹ̀bi mi ni."

Kò ní ìyàwó òun ò ṣàlàyé. Kò ní òun ò gbọ́. Ó gbé àgékù méjèèjì jáde. Ó ti fi aṣọ nù wọ́n. Obìnrin náà gbà wọ́n, ó yí wọn wò títí ó fi rí ojú kan tó kù yẹn, ó sì fi àtàńpàkò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Ó sunkún díẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó sàn ju òfìfo lọ. Ó di àgékù méjèèjì sínú aṣọ ìbora bí ọmọ tuntun, ó dúpẹ́, ó lọ. Kò bèèrè ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́.

"Gbé fóònù rẹ wá," ni ọkọ wí.

Ó jókòó sórí férémù bẹ́ẹ̀dì tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, láti ọjọ́ pẹpẹ kíṣìnì. Ó ń kà á bó ṣe ń ka mítà, níkọ̀ọ̀kan, láìfo ọ̀kan. Ó ka ohun tí ìyàwó kọ, ó ka ohun tí àwọn èèyàn fi dáhùn. Alágbàfọ̀ kò mọ ibi tí yóò fara sí. Ó lọ fọ abọ́ tó mọ́.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn," ni ọkọ wí nígbà tó parí.

"Mi ò fi ojú yín hàn."

"Ẹnì kan níbí kọ ọ́ pé tí òun bá jẹ́ ìwọ, òun á ti kó jáde. Ìwọ sì fi ẹ̀rín dá a lóhùn."

Nígbà náà ni ohun tó ti ń hó nínú obìnrin náà láti ọjọ́ pípẹ́ hó dànù. "Kí ni kí n ṣe? Ọdún mélòó ni mo fi sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí? Mo bẹ̀ yín nítorí pẹpẹ, ẹ ní ó kù díẹ̀. Mo ní ká ra bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé igbó wá sí pálọ̀! Ojúgun mi rèé, ẹ wò ó! Mo sọ fún yín, ẹ ò gbọ́. Mo sọ fún àwọn yẹn, wọ́n gbọ́!"

"Wọ́n gbọ́," ni ọkọ wí jẹ́jẹ́. "Èwo nínú wọn ló wá bá ọ kan pákó kẹta mọ́ pẹpẹ?"

Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí férémù, ó bọ́ sí ìta. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan òòlù mọ́, kò fọwọ́ kan ayùn. Bí ìyàwó bá kí i, á dáhùn. Bó bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ, á ní ó ṣeun. Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí le ju ìjà lọ. Bí èèyàn bá ń jà, ó kéré tán, ẹnì kejì á mọ ibi tó wà.

Alágbàfọ̀ jókòó lọ́jọ́ kan, ó pa gbogbo ohun tó gbé sórí ojúewé náà nípa ọkọ rẹ̀ rẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: "Ó-Kù-Díẹ̀ dà?" "Ẹ dá a padà fún wa o!" Nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ nípa àbààwọ́n ara táì sí i, ẹnì kan fi hé-è dá a lóhùn, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. Ó rò pé bóun ti pa á rẹ́, ó tán. Ẹyin lohùn. Ó kọ́ èyí ní òpópónà wọn gan-an, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń ti ibi ìràjà bọ̀, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí, ṣùgbọ́n tó dá Alágbàfọ̀ mọ̀, na ọwọ́ láti òdìkejì títì: "Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀! Ṣé ó ti parí?" Ọkọ rẹ̀ juwọ́ sí i bí ẹni tó ń kí ojúlùmọ̀. Ó fi ẹrù tó gbé sí ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, ó ń lọ. Alágbàfọ̀ fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Bí kò ṣe yà á lẹ́nu ló jẹ́ kó mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ òun lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ń ka mítà wọn, kò sì wá rojọ́ rẹ̀ nílé.

Ìyá ọkọ dé lọ́jọ́ tó dá, pẹ̀lú báàgì méjì àti ọ̀pá. Ó wo férémù aláìlẹ́sẹ̀ tó gba pálọ̀. "Kí lèyí, ọkọ̀ ojú omi?" Yàrá tọkọtaya ni wọ́n fún un. Àwọn méjèèjì tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sáàárín pákó ní pálọ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọjọ́ kẹrin, Alágbàfọ̀ jí pẹ̀lú ìṣó lábẹ́ ìgbáròkó, ó sì rí i pé òun ò lè fara dà á mọ́, yálà ìṣó ni o, yálà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni.

Ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ bàtà iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Mo fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Inú ń bí mi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe yẹ kí n ṣe nìyẹn. Obìnrin yẹn dé, ẹ gba ẹ̀bi mi rù. N kò sùn láti ọjọ́ náà."

Ọkọ ń fọ bàtà lọ.

"Mo ti gbọ́," ló wí níkẹyìn.

"Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Mo ní mo ti gbọ́. Dìde nínú omi."

Ohun tó rí gbà nìyẹn, ó sì gbà á. Ó wá ní òun fẹ́ pe káfíńtà. Ọkọ rẹ̀ ní kó pè é.

Káfíńtà dé lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kúkúrú tó ń kùn hùn-ùn hùn-ùn bó ti ń wo nǹkan. Ó yí férémù náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kò lè lẹ̀ mọ́ ògiri láéláé, ògiri ilé náà kò lè gbé e, bí wọ́n bá gbé e dìde, yóò wó lu ìyá lórí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó dúró sílẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì lásán. Ó wá tẹ̀ ba, ó fi oríkèé ìka lu igun kan, ó lu èkejì.

"Ta ló fi pákó bọ pákó báyìí láìsí ìṣó?"

"Èmi ni," ni ọkọ wí.

"Mo rò pé káfíńtà kan ti kọ́kọ́ wá ni. Gbé ibẹ̀ yẹn dání fún mi."

Àwọn méjèèjì jọ ṣe é. Alágbàfọ̀ ń gbọ́ ohùn wọn láti kíṣìnì. Ohùn ọkọ rẹ̀ ń bèèrè nǹkan, ohùn káfíńtà ń dáhùn. Ó ṣe é bíi kó yọ̀, ó sì tún ṣe é bíi kó gbé ìkòkò sọ lu ògiri, torí pé iṣẹ́ tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ wọn, kí aago mẹ́rin tó lù, ó ti parí. Ìyá ọkọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó fò lé e díẹ̀ pẹ̀lú ìdí. "Ó ga," ló wí. Wọ́n tún gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì wá di bẹ́ẹ̀dì, pálọ̀ kò sì jẹ́ pálọ̀ mọ́. Ìdajì rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì gbà. Àlejò kan kò lè wá láìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá. Ẹni tó bá fẹ́ dé kíṣìnì, iwájú ìyá ni yóò gbà kọjá, ìyá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lásán. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti máa ń jí, á jókòó ti ìrọ̀rí, á máa retí ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, jókòó díẹ̀."

"Màmá, mo máa pẹ́ níbi iṣẹ́."

"Ìṣẹ́jú kan ni. Ṣé ọkọ rẹ ti bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ sí mi, màmá."

"Kì í ṣe ìyẹn ni mo bi ọ́." Ìyá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó bá mi bínú fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún torí pé mo fi àtíbàbà tó ń ṣe fún adìẹ dáná. Mo kà á. Ní ọjọ́ ogún, ó wá bá mi, ó ní ebi ń pa òun."

"Tèmi ti lé lógún, màmá."

"Àtíbàbà adìẹ kọ́ lo fi dáná," ni ìyá wí, ó sì na ife tíì rẹ̀ tó ti ṣófo sí i.

Alágbàfọ̀ gba ife náà. Ó wo aago, ó rí i pé òun ti pẹ́. Ó fẹ̀gbẹ́ kọjá lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀dì wọ kíṣìnì, ó gbé omi kaná, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ léjìká, ó ń retí kó hó. Láti yàrá, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń wá bàtà rẹ̀ kan, tó ń bi ọmọ wọn bóyá ó rí i. Ó mọ ibi tí bàtà náà wà. Ó kígbe sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkọ rẹ̀ dáhùn láti inú yàrá pé òun ti rí i, ó ṣeun.